Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa nikotíìnì nígbà tí amusìgá bá bọ́ sórí sìgá ẹ̀rọ

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìgò omi sìgá ẹ̀rọ (vape) kì í ṣe iye nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, tó ń wọ ẹ̀jẹ̀. 20 mg/ml (mílígíráàmù nikotíìnì 20 nínú mílílítà omi kan), tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni tà kọjá, ń sọ bí omi náà ṣe le tó ni. Agbára ẹ̀rọ àti bí ẹ ṣe ń fà á ló ń pinnu èyí tó ń wọlé. Ẹ̀rọ ńlá tó ń tú oru púpọ̀ lè fi omi 3 mg/ml tẹ́ ara lọ́rùn. Ẹ má da 20 mg/ml sínú irú rẹ̀: òòyì á máa kọ́ yín, èébì á sì máa gbé yín. Ẹ̀rọ kékeré ló ni omi líle.

Àṣìṣe tó ń dá amusìgá padà sídìí ìṣáná jù lọ ni pé ẹ̀rù nikotíìnì ń bà á, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó kéré jù. Igi sìgá kan ń fi nǹkan bíi mílígíráàmù kan nikotíìnì sínú ara. Ẹni tó ń mu 20 lóòjọ́, tó wá bọ́ sórí 3 mg/ml nínú ẹ̀rọ kékeré, ara rẹ̀ á máa wá ìyókù. Á máa fà á léraléra, omi á tètè tán, tí kò bá sì tó, á tún lọ tan sìgá. Lóòótọ́, nikotíìnì ló ń so èèyàn mọ́ sìgá, ṣùgbọ́n èéfín ewé tó ń jó, pẹ̀lú ọ̀dà inú rẹ̀, ló ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó máa tó yín. Ó di ìgbà tí ẹ bá ti pẹ́ díẹ̀ láìfọwọ́ kan sìgá kí ẹ tó máa dín in kù.

Ẹ má fà á kíákíá bíi sìgá. Ẹ rọra fà á fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin kí wáyà inú rẹ̀ lè gbóná dáadáa, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹ má sì máa mu méjèèjì pọ̀ títí lọ. Igi sìgá kan péré lóòjọ́ ń mú nǹkan bí ìdajì àfikún ewu àrùn ọkàn tí 20 ń mú wá.

Ẹni tí kò mu sìgá rí kò ní nǹkan ṣe nídìí ẹ̀rọ yìí. Ẹ tọ́jú ìgò omi rẹ̀ síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò lè tó, torí májèlé ni fún ọmọ tó bá gbé e mu, ó sì ń gba awọ ara wọlé.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rárá ni ti oògùn. Èéfín sìgá ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ clozapine àti olanzapine (oògùn àìsàn ọpọlọ), àti theophylline (oògùn ikọ́ fée); nikotíìnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi sìgá sílẹ̀ pátápátá fún ẹ̀rọ, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí nikotíìnì ò tiẹ̀ yí padà. Ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó fi sìgá sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, kí ó lè yẹ ìwọ̀n oògùn wò. Ẹ má dá a dín kù fúnra yín.