Bí mo ṣe wá ìpàdé AA ní London, tí mo sì jókòó níbẹ̀ títí wọ́n fi túká

AA, ìyẹn Alcoholics Anonymous, ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí. Kí n tó wá ìpàdé wọn kankan, ọ̀dọ̀ dókítà ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń kánjú fò. Ẹni tó bá ń mutí lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárọ̀ títí á fi fẹnu kan ife, kò gbọdọ̀ dá ọtí dúró lójijì láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Láàárín wákàtí 6 sí 48 lẹ́yìn ife tó mu gbẹ̀yìn, gìrì lè mú un. Tó bá tún tó ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí, kó má sì mọ ibi tó wà mọ́. Ìyẹn ń pa èèyàn. Dókítà ní oògùn tó fi ń tu ara lójú, tí á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, á sì fi fítámì B1 kún un, torí ọtí kì í jẹ́ kó dúró lára.

Ìgbà tí dókítà ní kò séwu ni mo wá ìpàdé. AA ti wà láti 1935, Akron ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí owó ìforúkọsílẹ̀. Kó ti wù yín láti jáwọ́ nínú ọtí, ó tán. Lórí ìkànnì AA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo tẹ postcode mi, ìpàdé tó wà nítòsí sì jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ “open” tàbí “closed” sí dáadáa. “Open”, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. “Closed”, ẹni tí ọtí ń bá fínra nìkan. Ẹni tuntun lè lọ sí èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì, àmọ́ tí ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ yín bá fẹ́ sìn yín lọ, “open” ni kẹ́ ẹ mú, kí wọ́n má bàa dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí wọ́n kọ sórí ìkànnì lè ti yí padà, pàápàá tí ọjọ́ ọlidé bá bọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe 0800 9177 650. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tóun náà ti jáwọ́ nínú ọtí ló sì ń gbé e. Bí ojú bá ń tì yín pé ẹ lè pàdé ará ìjọ yín, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àdúgbò míì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí yín níbẹ̀, kí ló wá wá?

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ìpàdé máa ń wà. Wọ́n kàn háyà rẹ̀ ni, kì í ṣe ìsìn. Mùsùlùmí ń lọ, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ náà ń lọ. Mo dé ní ìṣẹ́jú 10 ṣáájú àkókò: àga tí wọ́n tò yíká, ìkòkò omi gbígbóná, tíì, bisikíìtì. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè. Èyí le fún àwa Yorùbá, torí bàbá ẹni 70 ọdún, John lásán ni wọ́n ń pè é, kò sí “ẹ̀gbọ́n”, kò sí “sà”. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Kí ipò má bàa bá ẹnikẹ́ni wọlé ni.

Wọ́n ka Ìgbésẹ̀ Méjìlá, ìyẹn ohun méjìlá tí AA ń tẹ̀ lé láti jáwọ́ nínú ọtí, ẹnìkan sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà ni ààyè ṣí fún ẹni tó bá fẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sọ ohunkóhun. “Mo wá gbọ́ ni” ti tó. Ẹnì kan kì í dá èkejì lóhùn: kò sí ìmọ̀ràn, kò sí “ẹ pẹ̀lẹ́ o”, kò sí “Olúwa á ṣe é”. Ẹnu á máa yún yín. Ẹ pa á mọ́, torí ẹni tó mọ̀ pé wọn ò ní dá òun lóhùn ló lè sọ òótọ́. Tí agbọ̀n owó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ gbé e kọjá, wọn ò retí ti ẹni tuntun.

Tí wọ́n bá túká, ẹ má sáré jáde. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ife ni mo ti gba nọ́ńbà mẹ́ta. Ẹ má wá spọ́ńsọ̀ lọ́jọ́ kìíní, ìyẹn ẹni tí á máa tọ́ yín sọ́nà nínú ìgbésẹ̀ náà. Ẹ wá ẹni tó ti tó ọdún kan láìmutí, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin. Tí ìpàdé kan ò bá sì yín lára mu, ẹ gbìyànjú bíi mẹ́fà míì kẹ́ ẹ tó sọ pé AA ò ṣiṣẹ́. Wọn ò rí bákan náà.

Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó lè wọ ìpàdé London lórí Zoom. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Nígbà òtútù, aago méje alẹ́ London, mẹ́jọ ni nílé. Kẹ́ ẹ tó tẹ “join”, ẹ yí orúkọ tó wà lórí Zoom yín padà sí ẹyọ kan, torí orúkọ àti orúkọ bàbá yín ni á yọ sójú gbogbo wọn.