Ìwádìí Ìtọ́jú Tí Kò Lo Oògùn: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Fi Owó Ṣòfò

Owó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sẹ́nu iṣẹ́ yìí ń ná sórí ìwádìí eré ìdárayá, ara wíwọ́, ọgbọ́n mímí àti acupuncture (ìtọ́jú fífi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún ara) ń ká mi lára. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ kí olùkópa àkọ́kọ́ tó fọwọ́ síwèé.

Èkínní, ẹgbẹ́ àfiwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ìtọ́jú wé ìjókòó lásán. Ẹ ó tọ́jú ìdajì àwọn olùkópa, ẹ ó ní kí ìdajì yòókù máa retí ìgbà tiwọn. Nígbà tó bá yá, ẹ ó kéde pé ìtọ́jú ṣiṣẹ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìtọ́jú náà ni, àbí ìrètí, àbí ẹni tó ń béèrè àlàáfíà wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ní 2008, olùwádìí Ted Kaptchuk àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 262 tó ní irritable bowel syndrome, àìsàn ìfun tó máa ń fa inú rírun lemọ́lemọ́. Àwọn kan kàn ń dúró. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ acupuncture ayédèrú, tí kò gún ara. Àwọn tó kù gba abẹ́rẹ́ ayédèrú kan náà, àmọ́ oníṣègùn jókòó tì wọ́n, ó fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu wọn. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tó ní ara tu àwọn jẹ́ ìdá 28, 44 àti 62 nínú ọgọ́rùn-ún. Abẹ́rẹ́ gidi kankan ò tíì wọ ara ẹnikẹ́ni nínú wọn o!

Nítorí náà, tó bá jẹ́ acupuncture, ẹ lo abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kú, tó ń yọ́ wọnú èèkù rẹ̀ dípò kó gún ẹran ara. Tó bá jẹ́ eré ìdárayá, ẹ fún ẹgbẹ́ àfiwé ní iye ìpàdé kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, olùkọ́ kan náà. Kí wọ́n kàn máa na ara díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ bi ẹgbẹ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe gbà gbọ́ tó pé ohun tí wọ́n ń gbà máa ṣiṣẹ́, láti 0 dé 10. Bí ìgbàgbọ́ wọn bá jìnnà síra, àfiwé yín ò dọ́gba mọ́.

Èkejì, èèyàn tí ò tó. Bí ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá bá jẹ́ ìdajì standard deviation (ìwọ̀n bí èsì àwọn èèyàn ṣe jìnnà síra tó), èèyàn 64 ló yẹ kó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí agbára ìwádìí, ìyẹn àǹfààní pé ẹ ó rí ìyàtọ̀ náà bó bá wà lóòótọ́, tó dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá retí pé ẹnì kan nínú márùn-ún máa já sílẹ̀, ẹ gba 80.

Ẹni tó ń gba olùkópa wọlé ò gbọdọ̀ mọ ẹgbẹ́ tí ẹni tó kàn máa bọ́ sí.

Ìgbà tí ìrora bá le jù làwọn èèyàn máa ń forúkọ sílẹ̀, ó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wọn ìrora náà fún ọjọ́ méje kí ẹ tó ṣẹ́ kèké láti pín wọn sí ẹgbẹ́.

Ẹ kọ paracetamol àti ibuprofen tí wọ́n ń lò nílé sílẹ̀: ìwọ̀n àti ọjọ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń lò ó ju èkejì lọ, oògùn lẹ wọ̀n.

“A kọ́ wọn ní mímí” kì í ṣe àlàyé. Ẹ̀ẹ̀melòó ní ìṣẹ́jú kan? Ìṣẹ́jú mélòó lójúmọ́? Ta ló kọ́ wọn? Ìlànà TIDieR ti 2014, tó sọ bó ṣe yẹ ká ṣàlàyé ìtọ́jú nínú ìjábọ̀, ní kókó 12. Ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ẹ yé fi p-value nìkan yangàn, ìyẹn iye tó ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣèèṣì wáyé bí ìtọ́jú ò bá ṣe nǹkan kan. Lórí òṣùwọ̀n 0 sí 10, ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní láti dín ní nǹkan bíi 2, tàbí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kó tó já mọ́ nǹkan lójú aláìsàn. Ẹ ka iye èèyàn tó dé ibẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ yín.