Bí A Ṣe Ń Fa Ṣéènì Máṣíìnì Tó Ń Ru Ẹrù Oko

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹni tó ní máṣíìnì lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé, fífa ṣéènì ni mo rí i pé àwọn èèyàn ń bà jẹ́ jù. Wọ́n á ní iṣẹ́ kékeré ni. Lóòótọ́, sípánà méjì àti púláyà kan ti tó o. Àmọ́ ẹ lọ sí ọ̀nà Ìkòyí-Ilé lásìkò kajú, ẹ ó rí máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, ṣéènì ń wọ́ nílẹ̀, àpò ẹrù wà lórí koríko, ọlọ́kadà ń wá ẹni tó máa bá a wá ṣéènì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á ni. Òun gan-an ló fà á.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bá Honda C70 bàbá àgbà mu, ó bá CG125 mu, ó sì bá Bajaj tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ̀rá lára ìjókòó rẹ̀ lánàá mu.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ṣéènì. Epo òyìnbó díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni mo máa ń lò. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, pàápàá tó bá jẹ́ irú ṣéènì tó ní rọ́bà róbótó láàárín oríkèé rẹ̀, torí á ba rọ́bà yẹn jẹ́. Ẹ gbé máṣíìnì sórí dọ́bù sítáńdì, ẹ fi jíà sí fíríì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, wọ́n á fi jíà kìíní sí i kí wíìlì lè máa yí fúnra rẹ̀, wọ́n á wá máa fi àkísà nu ṣéènì. Bí sípírókẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń yí ká, bá ti gba àkísà, ìka ló máa gbà tẹ̀ lé e, ẹ ò sì ní rí àyè fa ọwọ́ yín padà. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi máa yí wíìlì, díẹ̀díẹ̀.

Bí máṣíìnì yín bá ṣì ní páànù tó bo ṣéènì yíká, ẹ má gbà kí mẹkáníìkì kankan yọ ọ́ dànù pé ó ń pariwo. Bọ́ọ̀tì rẹ̀ ló dẹ̀. Eruku ọyẹ́ tí páànù yẹn ń gbà dúró, owó ṣéènì ló ń bá yín fi pamọ́.

Kẹ́ ẹ tó fa ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ṣe é fà. Ọ̀pọ̀ ṣéènì tó wà lára máṣíìnì wa ni wọ́n kọ 428 sí. Láti àárín ìṣó oríkèé kan sí àárín èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ mílímítà 12.7. Ẹ na ṣéènì kó le, ẹ mú ìṣó kan, ẹ ka 20 síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Tuntun á jẹ́ mílímítà 254. Bó bá ti lé ní 259, ẹ má fi agbára yín ṣòfò. Ẹni tí kò ní téèpù lè di ṣéènì mú níbi tó ti yí sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ká, kó fà á sẹ́yìn. Bó bá gbéra kúrò lára eyín débi tí ìdajì eyín fi hàn, ó ti parí. Ẹ wo eyín sípírókẹ́ẹ̀tì náà. Tó bá ti mú ṣóńṣó, tó sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan: ṣéènì, ńlá ẹ̀yìn, kékeré iwájú. Ẹni tó ra ṣéènì tuntun sórí eyín tó ti jẹ, ó ń ra òmíràn láìpẹ́.

Ẹ wá yí wíìlì ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan yíká, kẹ́ ẹ máa fi ìka gbé ṣéènì ìsàlẹ̀ sókè ní agbedeméjì sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ẹ ó rí i pé kò dẹ̀ bákan náà níbi gbogbo. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó ti le jù. Ibẹ̀ la ti máa wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n níbi tó dẹ̀, ó ti fà á le jù láì mọ̀.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Sípírókẹ́ẹ̀tì kékeré iwájú kò sí lójú kan náà pẹ̀lú ibi tí apá irin tó di wíìlì ẹ̀yìn mú ti ń mì. Níwájú rẹ̀ díẹ̀ ló wà. Bí ẹrù bá ṣe ń tẹ ẹ̀yìn máṣíìnì wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wíìlì ẹ̀yìn ń jìnnà sí sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, títí sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, ibi tí apá irin yẹn ti ń mì àti ọ̀pá wíìlì ẹ̀yìn á fi wà lórí ìlà kan. Níbẹ̀ ni ṣéènì máa ń le jù. Ṣéènì tẹ́ ẹ fà tó dáa lójú lórí dọ́bù sítáńdì, tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lórí rẹ̀, á na tantan nígbà tí èèyàn méjì àti àpò ẹ̀gẹ́ bá gùn ún, tí ẹ sì já sínú kòtò. Bí ṣéènì ò bá já, bẹ́rììnì tó wà lẹ́yìn sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú ló máa san gbèsè yẹn, inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn sì wà. Owó tó máa jẹ kì í ṣe owó ṣéènì mọ́.

Nítorí náà, ẹ gbé máṣíìnì kúrò lórí dọ́bù sítáńdì, ẹ pe aládùúgbò tó sanra, ẹ tún pe ẹnì kejì, kí wọ́n jókòó tẹ ẹ̀yìn máṣíìnì mọ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wò ó títí ìlà yẹn fi tọ́. Bí wọn ò bá wúwo tó, ẹ fi okùn fa ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Níbẹ̀, ṣéènì gbọ́dọ̀ ṣì máa mì díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọn bó ṣe dẹ̀ tó níbi àmì ṣọ́ọ̀kì, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mílímítà 20 sí 30 ló wọ́pọ̀ fún máṣíìnì kékeré, ìwé tó bá tiyín wá ló sì láṣẹ. Fún èyí tó ń lọ oko, èmi kì í fà á kọjá 30, bó ti wù kí mẹkáníìkì sọ pé ó dẹ̀.

Àwọn òyìnbó tó ń fi máṣíìnì gun àpáta nínú ìdíje trials, irú èyí tó ti wà ní Scotland láti 1909, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìdúró ni wọ́n máa ń gun tiwọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ sókè sódò gan-an, ni wọ́n bá fi irin kékeré onísípíríǹgì ti ṣéènì kó lè máa gba ìdẹ̀ rẹ̀. Tiwa ò ní irú ẹ̀. Ìdẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ la gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀.

Fífà á gan-an ò le. Ẹ yọ kọ́tà pìn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, ẹ tú nọ́ọ̀tì ọ̀pá wíìlì ẹ̀yìn díẹ̀. C70 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nọ́ọ̀tì ńlá kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípírókẹ́ẹ̀tì, ẹ tú ìyẹn náà. Ẹ yí ájọ́sítà ọ̀tún, èyí tó ń fa ọ̀pá wíìlì sẹ́yìn, díẹ̀, ẹ yí ti òsì bákan náà. Àmì tí wọ́n gé sára irin kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́ lára máṣíìnì tó ti ṣubú rí. Èmi máa ń fi wáyà kébù kílọ́ọ̀ṣì tó ti já wọn láti orí bọ́ọ̀tì ibi tí apá ẹ̀yìn ti ń mì dé àárín ọ̀pá wíìlì, lọ́tùn-ún àti lósì. Wáyà yẹn kì í nà bí okùn. Kẹ́ ẹ tó di nọ́ọ̀tì pa, ẹ ki àkísà sáàárín ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, ẹ yí wíìlì kó fún un, ọ̀pá á sì jókòó dáadáa ti ájọ́sítà. Kọ́tà pìn tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ìṣó tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ kì í ṣe kọ́tà pìn.

Tẹ́ ẹ bá tú kílíìpù tó so ṣéènì pọ̀, orí rẹ̀ tó dí ni kó ṣáájú síbi tí ṣéènì ń lọ, kí ẹnu tó là wà lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá yí i padà, igi tàbí òkúta kan á ti i yọ.

Bíréèkì ẹ̀yìn á ti le torí wíìlì ti sún sẹ́yìn. Ẹ dẹ ẹ́ títí wíìlì á fi máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó ku ọ́ìlì. Ọ́ìlì jíà 90 ni tèmi, ní alẹ́ tí máṣíìnì bá dé tí ṣéènì ṣì gbóná díẹ̀, sí inú ìsàlẹ̀ ṣéènì, kẹ́ ẹ sì nu èyí tó ṣẹ́kù. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ò náni lówó, irin lẹ́búlẹ́bú ló sì kún inú rẹ̀. Gíríìsì ń gba yanrìn mọ́ra. Lórí òkè, ẹ ti bọ́ sí jíà kìíní kẹ́ ẹ tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ kí ṣéènì kọ́kọ́ na, kẹ́ ẹ tó fúnná sí i. Ṣéènì tuntun máa ń tètè dẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn kìlómítà 500, pẹ̀lú aládùúgbò yẹn lórí ìjókòó.