Bí mo ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà ọmọ mi

Bí wọ́n bá ní kí ọmọ mi obìnrin dìde kàwé ní kíláàsì, ńṣe ni ẹnu rẹ̀ máa ń wọ̀. Nílé, ó lè kàwé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ kan ló dé láti ilé ìwé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, "Mọ́mì, mo ka odindi ojú ìwé kan lónìí, gbogbo wọn ló gbọ́!" Mo bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Àǹtí àwọn ti máa ń pe òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà bíréèkì, tí àwọn méjèèjì á jọ kàwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ìyá rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí" tí mo máa ń sọ lẹ́nu géètì, tí mi ò tilẹ̀ ní dúró gbọ́ èsì, ojú ẹ̀ tì mí lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n ra nǹkan. Àbúrò mi kan ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, mo bá pè é kó gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ife tí wọ́n kọ 'tíṣà tó dára jù' sí lára, mo ní méje nílé. Ẹnu mélòó ni mo ní?" Ó wá ní àwọn lẹ́tà tí òbí kọ sí òun, òun ò tíì ju ọ̀kan nù rí, bí iṣẹ́ bá sú òun, òun á kó wọn jáde, òun á tún wọn kà. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ fún wọn ní nǹkan, kí n kọ́kọ́ bèèrè ní ọ́fíìsì, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ní òfin lórí ohun tí tíṣà lè gbà lọ́wọ́ òbí. Àti pé kí n má mú un lọ nígbà tí wọ́n bá ń máàkì ìdánwò. Ẹ̀bùn tó bá wọlé lásìkò yẹn, ojú wo ni tíṣà fẹ́ fi wò ó?

Mo bá jókòó ti bírò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ, "a dúpẹ́ fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe lórí àwọn ọmọ wa," mo kà á tán, mo rí i pé mo lè fi orúkọ dókítà tàbí dírẹ́bà rọ́pò ti tíṣà níbẹ̀, kó sì bá a mu. Mo fà á ya. Mo pe ọmọ náà, mo ní, "Bí ẹ bá ń kàwé, kí ni Àǹtí máa ń ṣe gan-an?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá há sórí ọ̀rọ̀ kan, wọn kì í bá mi pè é. Wọ́n á kàn fi ìka sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á wá dúró."

Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Mo kọ ọ́ báyìí: "Àǹtí, ọmọ mi sọ fún mi pé bí òun bá há sórí ọ̀rọ̀ kan, ìka lẹ máa ń fi sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì dúró. Lánàá, mo rí i tó ń kàwé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Ìyẹn há, òun náà fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó dúró. Mo ní kí n jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yín ti dé ilé wa." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀, sípẹ́lì méjì ò tọ̀nà. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbẹ̀, mo fà á padà. Ó ya Àǹtí wọn pẹ̀lú ìka kan tó gùn ju apá lọ.

Mo kọ ẹ̀dà kan sí ọ̀gá ilé ìwé. Bí inú bá bí àwa òbí, kíá la máa ń dé ọ́fíìsì yẹn. Mo ní kí tí ìyìn náà débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo fojú rí nìkan ni mo kọ, mi ò fi í wé tíṣà kankan.

Àyájọ́ ọjọ́ àwọn olùkọ́ lágbàáyé ti ń sún mọ́lé nígbà náà, ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá. Lórí WhatsApp àwọn òbí, ẹnì kan ní ká dáwó, ó sì dárúkọ iye. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó hàn pé kò rọrùn fún àwọn kan, ta ló fẹ́ sọ ọ́? Èmi ti ń ka ìtàn ọjọ́ náà. Láti 1994 ni wọ́n ti ń ṣe é, ìwé ìmọ̀ràn kan lórí ipò àwọn olùkọ́, èyí tí UNESCO (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́) àti ILO (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) gbé jáde ní 1966, ni wọ́n fi ń rántí, bí tíṣà á ṣe rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dáadáa sì wà lára ohun tó dá lé. Mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká fi owó sílẹ̀: kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn kan nípa ohun tí Àǹtí ṣe fún ọmọ tirẹ̀, kí ẹni tó bá ráyè wá bá wọn lẹ àwọn ìwé ìtàn kíláàsì tó ti ya. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbólóhùn mọ́kànlá ti wọlé. Òbí mẹ́ta la jókòó ti téèpù àti sísọ́ọ̀sì láàárọ̀ Sátidé. Kí n sòótọ́, n kò mọ̀ pé ìwé ọmọdé lè ya tó bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tèmi wá nígbà tí a fẹ́ kó gbólóhùn wọ̀nyẹn fún un. Bí mo ṣe nawọ́ ìwé náà sí Àǹtí, mo rí tíṣà kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń nu imú fún àwọn ọmọ, tó ń so okùn bàtà wọn. Òun ló ń pàtẹ́wọ́ jù. Kò sí ẹyọ gbólóhùn kan níbẹ̀ nípa rẹ̀, èmi ni mo sì to gbogbo rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè dúró pẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún bi ọmọ mi: kí ni Àǹtí kejì máa ń ṣe? Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ń sunkún láàárọ̀, àwọn ló máa ń jẹ́ kó di bẹ́ńṣì mú títí ẹkún á fi dá, wọn kì í sì bi í pé kí ló dé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo mú un lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ń so okùn bàtà ọmọ kan lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Ó gbà á, ó ní "ẹ ṣé, mà," ó fi í sápò, ó padà sídìí okùn.

Lọ́sàn-án, ọmọ mi wọlé, ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ kọ sínú lẹ́tà yẹn? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú un jáde."