Ẹ Má Ṣe Báyìí Lọ sí Edinburgh

Àṣìṣe tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ ṣe ní Edinburgh, olú ìlú Skọ́tlándì, ni pé mo gba fóònù gbọ́. Èmi àti màmá mi ń wá ilé oúnjẹ kan ní òpópónà Cowgate. Fóònù ní a ti débẹ̀. Mo wọ̀tún, mo wòsì, n kò rí nǹkan kan tó jọ ọ́. Màmá ni wọ́n fọwọ́ ti ògiri kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí wọ́n bojú wo ìsàlẹ̀, tí wọ́n ní, "Àwọn wo ló ń rìn lábẹ́ wa yẹn?" Àṣé orí afárá George IV la dúró sí. A ò mọ̀ pé afárá ni, torí ilé ló tò lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Cowgate wà nísàlẹ̀ pátápátá. A ní láti yí gba Candlemaker Row, ọ̀nà tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, orúnkún Màmá sì dùn wọ́n di ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, ẹ má fi bí nǹkan ṣe súnmọ́ra lórí fóònù ṣètò ọjọ́ yín. Òkè àti àfonífojì ni wọ́n kọ́ ìlú yìí lé. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà dání, tàbí ọmọ inú kẹ̀kẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá gígun ni ọ̀nà náà tàbí sísọ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ rin òpópónà Royal Mile já, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè níbi Edinburgh Castle, kí ẹ máa sọ̀ bọ̀ wá sí ààfin Holyrood. Èèyàn tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ á ti rẹ̀ kó tó dé ibi tó fẹ́ rí jù. Ẹ fi bàtà onígìgísẹ̀ sílẹ̀ nílé; òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú títì.

Ní ti Edinburgh Castle, odi ọba tó wà lórí àpáta, ẹ má dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Lásìkò ooru, ti ọjọ́ náà lè ti tán kí ẹ tó jí, ẹ ra tiyín sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ṣì ń lọ síbẹ̀ nítorí Stone of Destiny, òkúta tí wọ́n fi ń jọba ní Skọ́tlándì láyé àtijọ́. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Láti oṣù Kẹta 2024, mùsíọ́mù ìlú Perth lèèyàn ti ń rí i.

Ìbọn ńlá tí wọ́n ń yìn ní aago kan ọ̀sán tún wà ní Edinburgh Castle. Ọdún 1861 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, kí àwọn atukọ̀ ojú omi Forth lè fi tún aago wọn ṣe. Wọn kì í yìn ín lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo rí ìdílé kan tó dúró dè é ní Sọ́ńdè, tí àwọn ọmọ ti fọwọ́ di etí. Aago kan lù, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Èyí àbíkẹ́yìn wọn ò yọwọ́ létí títí bàbá rẹ̀ fi gbé e lọ. Ó ṣe mí láàánú gan-an.

Ẹ má sì sáré kọjá ilé àdúrà St Margaret nínú odi yẹn. Ó kéré lójú, àmọ́ Ọba David Kìíní ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1130 ní ìrántí ìyá rẹ̀, òun sì ni ilé tó pẹ́ jù ní gbogbo Edinburgh.

Oṣù Kẹjọ? Bí kì í bá ṣe àjọ̀dún eré àti orin tí wọ́n ti ń ṣe láti 1947 lẹ ń lọ fún, ẹ mú oṣù mìíràn. Owó yàrá máa ń wọ́n kọjá ààlà.

Ẹ tún má náwó tán sórí ohun olówó, kí ẹ wá fi ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Ẹ kì í sanwó wọ National Museum of Scotland ní Chambers Street. Ibẹ̀ ni Dolly wà, àgùntàn tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi sẹ́ẹ̀lì àgùntàn mìíràn dá ní 1996, ní Roslin lẹ́bàá ìlú. Ọmọdé kì í fẹ́ kúrò níwájú rẹ̀. Yunifásítì Edinburgh wà nítòsí ibẹ̀, ó sì máa ń dùn mí pé ọmọ Yorùbá púpọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé Obadiah Johnson gba oyè ńlá ìmọ̀ ìṣègùn níbẹ̀ ní 1889. Òun ló tún ìtàn Yorùbá tí Samuel ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ṣe, tó fi jáde ní 1921.

Ère ajá kékeré Greyfriars Bobby dojú kọ mùsíọ́mù náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ra imú rẹ̀. Wọ́n á ní oríire ni. Kì í ṣe àṣà àwọn baba ńlá wọn, ó sì ń bá ère náà jẹ́.

Àṣìṣe tó kù ni ti afárá irin Forth, tí wọ́n ṣí ní 1890, tó gùn ju kìlómítà méjì lọ. Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú irin sọdá lórí rẹ̀ ní àwọn ti rí i. Irin pupa gàgàrà tó ń kọjá lójú fèrèsé ni wọ́n rí. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Dalmeny, kí ọkọ̀ tó gun afárá, kí ẹ rìn sọ̀ lọ sí South Queensferry létí omi. Bí orúnkún ò bá gba àtẹ̀gùn, ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti àárín ìlú. Láti ìsàlẹ̀ yẹn, ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá lókè á kéré bí ohun ìṣeré ọmọdé. Mẹ́rin ni Màmá kà kí wọ́n tó gbà pé ká máa lọ.