Àgbo olóyin mi ń hó nínú ìgò, kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ọ̀kun o ẹ̀gbọ́n. Mo da atalẹ̀ tútù, ataare, orógbó, oyin àti ògógóró tí mo rà lọ́jà Kabba pọ̀ sínú ìgò lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ń hó, bí mo ṣe ṣí ìdérí báyìí ló tú jáde, ó dẹ̀ ń rùn bí ẹmu tó kan. Ṣé egbò yẹn ló lágbára ni?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o àbúrò. Agbára egbò kọ́ jàre, omi ló pọ̀ jù. Oyin gidi kì í sábà ní omi ju nǹkan bíi 18 nínú 100 lọ, yíìsì (ohun tíntín tó ń sọ ṣúgà di ọtí) ò lè rọ́wọ́ mú níbẹ̀, àmọ́ atalẹ̀ tútù kún fómi, ọtí ẹ náà á sì ti lábùlà (ṣebí o mọ àwọn tó ń tà á). Ọtí 40 (tí ọtí inú ẹ̀ jẹ́ 40 nínú 100) tó o bá pò mọ́ oyin dọ́gba, 20 ló máa kù, yíìsì ò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀, tó bá ti wá já wálẹ̀ sí bíi 10, wáìnì lò ń ṣe yẹn, gáàsì ẹ̀ ló ń ti ìdérí, ìgò gan-an lè bú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Dà á nù.

Tó o bá fẹ́ ṣe òmíì, gé atalẹ̀ wẹ́wẹ́ kó o sá a gbẹ, rẹ ẹ́ sínú ọtí 40 tí wọ́n lẹ̀ pa tó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ọtí bò ó mọ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ìgò ni o, kì í ṣe rọ́bà. Fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kó o tó wá da oyin sí i. Oyin ló ń gbẹ̀yìn!

Ìbéèrè: Ògógóró tí mo rà yẹn gbaná dáadáa, ṣé kò dáa ni?

Ìdáhùn: Methanol (irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé) náà ń gbaná, ahọ́n ò dẹ̀ lè dá a mọ̀. Ní 2015, l'Óde-Ìrèlè ní Oǹdó, ògógóró tí methanol wà nínú ẹ̀ pa èèyàn, ojú àwọn míì kọ́kọ́ fọ́ ná. Èmi ò lè fi ṣe àgbo.

Ìbéèrè: Oyin tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì dì, ṣé ayédèrú ni?

Ìdáhùn: Rárá, ọyẹ́ ni. Gbé e sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, á yọ́. Àmọ́ èyí tó bá ti ní ọtí nínú, má gbé e sórí iná o, èéfín ọtí máa ń gbiná.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ò tíì pé ọdún kan, ṣé mo lè fún un ní ṣíbí kan?

Ìdáhùn: Áà, rárá o! Oyin lásán gan-an, tí ò ní ọtí rárá, ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan ò gbọdọ̀ lá a.