Ìtọ̀ Bàbá Ń Hó, Ẹsẹ̀ Wọn Ń Wú: Ṣé Kíndìnrín Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Iléṣà la wà. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ń kọ mí lóminú. Ìtọ̀ wọn ń hó, ìfófòó rẹ̀ kì í sì í tètè tán. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ojú wọn á wú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó kan ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ́ 160/100, àmọ́ wọ́n ní nǹkan kan ò dun àwọn.

Ìdáhùn: Ẹ má tìtorí pé kò dùn wọ́n fọkàn balẹ̀. Kíndìnrín lè bàjẹ́ jìnnà kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Bí asẹ́ ògì ló rí: bó bá ya, ohun tó yẹ kó dúró lókè á já sísàlẹ̀. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ló ń já sínú ìtọ̀, tí ìtọ̀ fi ń hó. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló sábà máa ń fà á.

Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild níbẹ̀. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n yẹ ṣúgà àti creatinine (ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò) wò nínú ẹ̀jẹ̀. Láti ara creatinine ni wọ́n ti ń ṣírò eGFR, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí hàn. Bó bá wà lábẹ́ 60 ju oṣù mẹ́ta lọ, àrùn kíndìnrín ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tún àyẹ̀wò náà ṣe. Àmọ́ bí èémí wọn bá ń há, tàbí tí ìtọ̀ ò fẹ́ wá mọ́, ẹ má dúró dọ̀la.

Ìbéèrè: Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń rà ní ọjà Atakúmọ̀sà ńkọ́? Wọ́n tún ń lo ibuprofen bí ẹ̀yìn bá ń ro wọ́n.

Ìdáhùn: Kí wọ́n dá méjèèjì dúró. Àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù. Ní ti àgbo, mi ò sọ pé gbogbo ewé ló ń pani, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn? Àmọ́ kí wọ́n má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, bí ara tilẹ̀ yá.

Ìbéèrè: Àwọn aládùúgbò ní kí wọ́n máa mu omi púpọ̀, kó lè fọ kíndìnrín.

Ìdáhùn: Rárá o. Omi kì í wo kíndìnrín tó ti bàjẹ́ sàn, ara tó sì ti ń wú lè má lè tu omi náà dànù. Dókítà ni yóò sọ ìwọ̀n tí wọ́n á máa mu. Iyọ̀ àti Maggi inú ọbẹ̀ ni kí ẹ dín kù lónìí.